Òkè Inú Àpótí

Ara Tàwàkálítù kì í gbé ojú kan. Bí ẹ bá ní kí ó jókòó, yóò jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń jẹun, ó ń rìn. Wọ́n ń dirun fún un, ó ń rìn, onídìrí á sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri àgbàlá pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Màmá Àyìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, a máa ní ìjàlọ ló kó sí ọmọ náà nídìí láti kékeré tí ẹnikẹ́ni ò sì bá a yọ ọ́. Ẹ sì wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o! Màmá Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀, bí ó bá ti jókòó, ó di kí ènìyàn méjì fà á dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwa tí ìdí wa ti wúwo ṣe máa ń ṣe: àwọn tí tiwọn ṣì fúyẹ́ la máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àga tí mo jókòó lé kọ eléyìí ti ń ké látàárọ̀, mi ò dá a lóhùn.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni Tàwà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gé etí ìwé, tó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà bá a mu, nítorí ìdúró ni wọ́n ń ṣe é. Lákòókò yẹn, àwọn sọ́jà ti ní àwọn máa gbé ìjọba fún alágbádá, ni gbogbo ẹni tó ní agbádá kan ṣoṣo nílé bá ní òun náà fẹ́ dupò. Ojú gbogbo wọn ni wọ́n ń tẹ̀ sórí pépà ní Ṣómólú. Ẹ̀rọ ń ké, tàdáwà ń run imú, Tàwà sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

Bàbá rẹ̀ ni Àlàájì Nojeem Ikúmápàyí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó wá kọ́lé sí Ṣómólú. Awakọ̀ rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti wa ọkọ̀ dé ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: òkè tí rélùwéè ń gùn kó tó dé Jọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi bá a dé orí òkè náà. Ọkùnrin gíga ni, ọkùnrin iyì, tí kì í yọjú síta láìdé fìlà, tí ọmọ tó bí gan-an kò rí orókún rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀ ní balùwẹ̀, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n sì fi tówẹ́ẹ̀lì kan péré gbé e dé ilé ìwòsàn Igbóbì.

Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni Tàwà dúró sí, bí a bá lè pe ìyẹn ní ìdúró. Nínú lọ́hùn-ún, wọ́n ń di pí-ó-pí, ẹfun tí wọ́n fi ń mú egungun dúró, mọ́ bàbá rẹ̀ láti ìbàdí títí dé ẹsẹ̀. Igbe tí kò gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà rí ló ń gbọ́. Ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan bá dá sí i:

"Bàbá, wọ́n ní rélùwéè lẹ̀ ń wà. Ibo lẹ wà á dé?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Yéè! Jọ́ọ̀sì!"

"Jọ́ọ̀sì kẹ̀? Ó gun gbogbo òkè yẹn?"

Igbe dákẹ́. "Ó gùn ún kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ nǹkan kan. Irin kì í gun òkè, ó máa ń yí i po ni. Kọ́nà kan wà níbẹ̀, bí o bá dé ibẹ̀ tí o yọjú lójú fèrèsé, ìrù ọkọ̀ tí ìwọ fúnra ẹ ń wà lo máa rí ní òdìkejì àfonífojì, bí ẹni pé ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń bọ̀ wá pàdé ẹ…"

Ó ń sọ ọ́ lọ, wọ́n ń dì í lọ. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan jáde, ó funfun láti orí dé bàtà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ó wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń rìn lẹ́yìn kọ́tìnì látàárọ̀? Mo rò pé àwọn nọ́ọ̀sì ń tò lọ ni."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti dé orí òkè. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n mí díẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tàwà, ó kọ́kọ́ mú un mọ́ra. "Ẹ̀yin náà ẹ wo ara yín. Ẹ jọ ọmọ tuntun tí wọ́n da páúdà lé lórí."

"Ẹ dúró lójú kan kí n da tiyín lé yín lórí."

"Èmi? Lójú kan? Ẹ ó pẹ́ níbí o."

Khàlíl lorúkọ rẹ̀, òun ló ń di ẹfun mọ́ àwọn aláìsàn. Ó pẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n fi gé pí-ó-pí kúrò lára Àlàájì, tó padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá, kò sí ohun tó tún ń mú Tàwà lọ sí Igbóbì mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́. Ìgbà mìíràn, Khàlíl á wá dúró dè é lẹ́nu ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á jọ rìn lọ sí Bàrígà, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀, Àyìsátù, ń gbé. Èédú ni Àyìsátù ń tà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ilẹ̀kùn yàrá yẹn ò gbọdọ̀ padé o!" ni ó máa ń ké láti ìdí èédú rẹ̀.

"Màámi, òkè ni mo fẹ́ fi hàn án."

"Mo mọ irú òkè tí ọkùnrin ń fi han obìnrin. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn!"

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Tàwà wọ yàrá náà, àpótí pupa kan ló rí lórí tábìlì, àpótí ńlá tuntun, irú èyí tí wọ́n ń kó aṣọ ìyàwó sí. Ọkàn rẹ̀ fò. Ó ti ń rí léèsì nínú rẹ̀, ó ti ń rí bàtà. Khàlíl ní kó ṣí i. Ó ṣí i. Kò sí aṣọ, kò sí bàtà. Páálí ló wà níbẹ̀, wọ́n gé e ní ìpele ìpele, wọ́n sì tò ó léra bí àkàrà òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Irin méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ rìn yí i ká. Wọn kò jìnnà síra ju ìbú èékánná lọ.

"Kí lèyí?"

Khàlíl la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Orí ọkọ̀ rélùwéè wà níbẹ̀, òun àti kọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ. Ó ní àárín ẹrù tókunbọ̀ ni òun ti rí i ní Fádèyí, ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń rìn. Ó so wáyà mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ náà sì gbọ̀n, ó lọ, bí kòkòrò tó rántí ilé.

"Òkè tí Bàbá sọ fún mi ni mò ń kọ́," ni Khàlíl wí. "Mi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ, Tàwà. Bí mo bá dé iwájú wọn pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ èrìgì. Èyí ni màá gbé síwájú wọn kí n tó la ẹnu."

"Àpótí yìí ńkọ́?"

"Àpótí ẹ ni. Bí òkè bá jáde nínú ẹ̀, aṣọ ẹ á wọlé."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá sọ ọ́ fún ẹlòmíì, yóò gbá a létí. Tàwà yí yàrá náà po, ó tún un yí po, ó sì gba ilé lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kó páálí tó ṣẹ́ kù ní ilé ìtẹ̀wé wá.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìdìbò, pépà àwọn tó pàdánù kún ilé ìtẹ̀wé, ọ̀gá Tàwà sì ní kó ru wọ́n lọ dànù. Bàrígà ló rù wọ́n lọ. Wọ́n rẹ ojú àwọn olóṣèlú náà sínú omi, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ó, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí títí ìpele ìpele náà fi di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

"Eléyìí ló ní òun máa gbé wa dókè," ni Tàwà wí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ imú ẹnìkan mọ́lẹ̀. "Dúró síbẹ̀."

Khàlíl da pí-ó-pí lé e lórí. Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn o, ọjà ló ti rà á. Ó sì lọ eruku èédú ìyá rẹ̀ láti fi kun òkúta.

"Ọmọ mi ti fẹ́ òkè," ni Àyìsátù máa ń wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Mi ò mọ ìgbà tó máa bí ọmọ fún wa."

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì burú jù: ọkọ̀ náà kò gun òkè. Á gùn dé ìdajì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí lójú kan, á wá rọra yọ̀ padà wálẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Khàlíl á gbé irin kúrò, á tún un tẹ́, á fi ojú kan wò ó. Ara Tàwà á máa yún un.

"Fi í gba ojú òkè lọ tààrà! Kí ló ń yí po kiri fún?"

"Irin kì í gun òkè tààrà. Ṣe ló máa ń bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀bẹ̀! Tàwà ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọn ọmọ kejì. Òun kò lè dúró de ẹ̀bẹ̀ irin. Ó padà sílé, ó sì sọ ọ́ síwájú bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí alárinà, bí ẹni tó ju òkúta sínú odò.

"Bàbá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Khàlíl ni. Khàlíl Igbóbì."

Àlàájì ń mu tíì. Ó gbé ife sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pa dé bí ilé ìtajà lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Rárá."

"Bàbá, kí ló ṣe?"

"Ará Bàrígà ni."

"Ẹ̀yin náà, ibo lẹ ti ń ra ẹja?"

"Mo ní rárá! Gbogbo ọkùnrin Èkó pátá, mú èyí tó wù ẹ́. Kí ó ṣáà má jẹ́ ti Igbóbì. Àbí kí ni Àbdùlsàmàd ṣe, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, akọ̀wé ní Palmgrove? Àwọn ẹbí rẹ̀ ti ní àwọn ń bọ̀ wá mọ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀lé ìgbà tí ìjọba bá bọ́ sọ́wọ́ alágbádá. Wọ́n ń bọ̀, mo sì ti gbà."

Ó dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ kọjá lọ. Tàwà sá lọ sọ́dọ̀ Màmá Àyìnkẹ́ ní ilé ìdáná.

"Màmá, ẹ bá mi bi í. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ràn Khàlíl! Ní Igbóbì, bí Khàlíl kò bá tí ì dé, kò ní jẹun. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Màmá Àyìnkẹ́ ní kó fa òun dìde. Ó wọlé tọ àbúrò rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fi ìborùn bo ẹnu, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, Tàwà sì rò pé ẹkún ló ń sun.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ má sunkún…"

"Ẹkún bàbá ta ni? Fún mi lómi mu kí n má kú." Ẹ̀rín ló ń rín. "Ó ní ọmọkùnrin yẹn ti rí òun ní ìhòòhò."

"Háà?"

"Nígbà tí wọ́n ń di ẹfun mọ́ ọn! Láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ibo ni aṣọ fẹ́ wà? Ó ní òun ò lè fi ojú yẹn ṣe ojú àna. Ó ní bí ọmọkùnrin náà bá dọ̀bálẹ̀ fún òun níwájú ẹbí, òun á máa rò pé ó ń rántí. Ó ní ṣe lòun á dà bí ẹni tó jókòó síbẹ̀ láìwọ ṣòkòtò."

"Àwọn nọ́ọ̀sì náà rí i!"

"Bàbá ẹ kò fi ọmọ fún nọ́ọ̀sì." Ó nu omijé ojú rẹ̀. "Má bínú sí i. Iyì nìkan ló kù lọ́wọ́ Nojeem látìgbà tó ti kúrò lórí ọkọ̀. Má sì jẹ́ kí Khàlíl gbọ́ o. Bí ìtìjú yẹn bá di ti ẹni méjì, ó parí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ wá di gbọ́mi-sí-i-omi-ò-tó nínú Tàwà. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì lè sọ ọ́. Ó mú ọ̀nà Bàrígà pọ̀n.

"Khàlíl, rán àwọn èèyàn ẹ wá sílé wa. Ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Khàlíl dojú kọ àpótí, ó mú irin tín-ín-rín kan lọ́wọ́. "Kò tí ì gun òkè, Tàwà. Jẹ́ kí n…"

"Wọ́n ń bọ̀ wá mọ̀ wá nílé nítorí akọ̀wé kan! Bàtà rẹ̀ ń dán! Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Bí mo bá lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á lé mi. Jẹ́ kó gùn ún lẹ́ẹ̀kan."

"Òkè lo fẹ́! Fẹ́ ẹ!"

Ló bá gbá ọmọrí àpótí dé, pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń gé ìwé. Ohun kan ró nínú rẹ̀: ruu. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Tàwà kò ṣí i wò. Ó jáde, ó gba iwájú èédú kọjá, Àyìsátù pè é, kò dúró.

Ìrìn tó rìn ní àwọn ọjọ́ yẹn, bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà kan ló rìn ín, ì bá ti dé Jọ́ọ̀sì. Ó rìn dé Fádèyí, kò ra nǹkan kan, ó padà. Ó rìn dé Palmgrove, ó dúró sí iwájú ọ́fíìsì tí Àbdùlsàmàd ti ń ṣiṣẹ́, ó sì rí i tó ń jáde, bàtà rẹ̀ ń dán lóòótọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ bí a ti ń kí bàbá ẹni. Ó mọ ìjókòó. Tàwà gbìyànjú láti rí ara rẹ̀ nílé ọkùnrin náà, ó rí àga, ó rí tẹlifíṣọ̀n, kò rí ara rẹ̀. Ṣé Khàlíl fẹ́ òun ni, àbí òkè náà ni ibi ìsápamọ́ rẹ̀? Ọkùnrin a máa ní ibi ìsápamọ́: òmíràn ń fi ọtí ṣe é, òmíràn ń fi ìyá rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló tún wà ní Èkó yìí tó ń gbọ́ ìtàn bàbá òun tí kì í yán? Ìbéèrè yẹn ló yí i padà sí Bàrígà.

Àyìsátù wò ó láti òkè délẹ̀. "O ti rìn dé ibi tó ò ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọlé. Kó o sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀."

Khàlíl wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí. Orí òkè ti fọ́, ó ti rì wọnú. Tàwà ti kó ẹ̀bẹ̀ dání láti ìta, àmọ́ kí ó tó la ẹnu, Khàlíl gbé ìka sókè pé kó dákẹ́, ó sì so wáyà mọ́ bátìrì.

Ọkọ̀ náà lọ. Ó dé ìdajì. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì lọ. Ó yí òkè po, ó dé orí, ó dúró síbẹ̀ bí adìẹ lórí àpáta.

"Ó ga jù," ni Khàlíl wí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tí a ti da pí-ó-pí lé e, mi ò pa àpótí yẹn dé rí! Òkè náà ga ju àpótí lọ. Bí mo bá ní kí n gbé e jáde lọ́jọ́ tó yẹ, kì bá lè pa dé. Ìbínú ẹ ló gé e kù. Ó rẹlẹ̀ báyìí, ọkọ̀ sì gùn ún."

"Nítorí náà, èmi ni…"

"Ìwọ ni ẹ́ńjíníà. Jókòó. Ihò kan wà tí mo fẹ́ lu gba abẹ́ ibi tó wó yìí kọjá, kí irin lè gba inú rẹ̀ padà wálẹ̀. Wá di orí ihò náà mú títí á fi gan. Bí o bá mira, ó wó."

Tàwà jókòó. Ó tẹ ìka rẹ̀ sínú pí-ó-pí tútù náà, ó sì mú un dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ máa gbọ̀n, ó bá a wí. Èéfín èédú ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, eṣinṣin kan bà lé e nímú, kò lé e.

"Khàlíl, ó ń gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe kó tó di òkúta."

Tàwà kò gbé ìka kúrò títí ó fi gan. 

Nígbà tó ròyìn fún Màmá Àyìnkẹ́, ìyá àgbà náà ronú títí, ó wá rẹ́rìn-ín tí ọmú rẹ̀ ń mì. "Inú àpótí ìyàwó ló wà, o ní? Àpótí pupa? Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé ìjọba fún alágbádá ni kí ọkọ ẹ àti ìyá rẹ̀ gbé e wá. Gbogbo àdúgbò á wà nílé. Fi èyí tó kù sílẹ̀ fún èmi àti Sabina." Sabina ni aládùúgbò wọn ní òdìkejì títì, ẹni tí ohùn rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ.

Ọjọ́ náà pé. Àlàájì wọ agbádá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀. Ibi tí àwọn sọ́jà ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ohun tí gbogbo ayé ń retí ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, ni iná bá lọ. Àlàájì bú gbogbo ìjọba, ti àná àti ti òní. Ẹnu ìyẹn ló wà tí Sabina fi figbe ta láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀:

"Ẹrù ìyàwó ti dé o! Àlàájì, ẹ kú oríire! Ẹ wo àpótí!"

Àwọn obìnrin tú jáde bí èèrà. Ẹnìkan ti dá orin ìyàwó, ẹnìkan ti ń pàtẹ́wọ́. Láàárín wọn ni Khàlíl ti ń bọ̀, àpótí pupa wà lórí rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Àyìsátù tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ tí èédú kò mọ̀. Tàwà ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Orin wọlé pẹ̀lú wọn.

Àlàájì gbéra ńlẹ̀. "Ta ló fi ọmọ fún yín? Mo ní ta ló fi ọmọ fún yín tí ẹ ń gbé àpótí wá? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ gba èyí láyè?"

"Èmi? Mo jókòó jẹ́ẹ́ tèmi," ni Màmá Àyìnkẹ́ wí.

"Gbé e kalẹ̀! Ṣí i! Aṣọ inú ẹ̀ ni màá kọ́kọ́ dà síta!"

Khàlíl gbé àpótí kalẹ̀ lórí ẹní. Ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ èrìgì lóòótọ́. Ó ṣí i.

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ láti gbá aṣọ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Orin kú lẹ́nu àwọn obìnrin ní ẹyọ ẹyọ. Òkè ló wà níbẹ̀, àpáta dúdú, koríko tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe, àfonífojì, àti irin tó rìn yí i ká bí okùn ṣòkòtò. Khàlíl so wáyà. Ọkọ̀ kékeré náà gbéra.

Àlàájì ń fi ojú tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọkọ̀ náà dé kọ́nà, orí rẹ̀ sì kọjú sí ìrù ara rẹ̀ ní òdìkejì àfonífojì.

"Ibẹ̀ nìyẹn," ni Àlàájì wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ibẹ̀ nìyẹn gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fọn fèrè." Ó wá fajú ro. "Ihò wo wá lèyí? Kò sí ihò nínú òkè mi! Ta ló lu òkè mi?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Tàwà wí. "Àpótí ò gba kí irin yí padà níta, ló fi gba inú. Èmi ni mo di í mú títí ó fi gan. Àmì ìka mi wà níbẹ̀."

"Ìwọ? O jókòó?"

"Mo jókòó."

"Lójú kan?"

"Mi ò mira."

Àlàájì wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìrìnàjò. Ibi tó ti ń wò ó ni ọkọ̀ ti wọnú ihò, tí kò sì jáde. Gbogbo ènìyàn dúró. Kò jáde.

"Ó ti há!" ni Àlàájì ké. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó ti ju ọ̀pá sílẹ̀, ó ti da àyà délẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ihò. Khàlíl náà ti nà gbalaja ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń yọjú láti ibẹ̀. Nínú òkè náà, lórí ọkọ̀ kan tí kò ju ìka lọ, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Màmá Àyìnkẹ́ pàtẹ́wọ́ gbà. "Ẹ wá wò ó! Nojeem dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ ẹ̀!"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Àlàájì fẹ́ dìde, itan rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú, okùn ṣòkòtò rẹ̀ tú. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, Tàwà sì rí i tí etí rẹ̀ ń pọ́n, ó sì wí nínú ara rẹ̀: Ó ti parí nìyí. Kò ní dárí jì wá láéláé.

Khàlíl ti dìde. Ó na agbádá ọkùnrin náà bò ó dáadáa, ó yí ojú sí ògiri, ó ti apá bọ abíyá rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe ní Igbóbì, ó sì gbé e dúró láìwò ó títí ó fi so okùn rẹ̀ tán.

"O ti rí mi," ni Àlàájì wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n Tàwà gbọ́. "Nígbà yẹn. O rí gbogbo ara mi. Má purọ́ fún mi."

Ahọ́n Khàlíl tú níkẹyìn. "Bàbá, ojú mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Òkè ni mò ń wò."

 Àlàájì wo òkè inú àpótí, gbogbo kọ́nà tó sọ nígbà tó ń ké fún ìrora, kò sí ọ̀kan tó sọ nù. Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, Sabina ló wà níwájú wọn. Ó wúkọ́, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ará Palmgrove pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Ẹrù ìyàwó kì í wọlé kó tún jáde. Gbogbo àdúgbò ti kọrin sí i. Kí ni kí n ṣe? Wọ́n ti mú mi."

"Wọ́n ti mú ẹ, àbúrò mi," ni Màmá Àyìnkẹ́ wí, ó sì ṣẹ́jú sí Sabina.

"Ṣùgbọ́n ẹ lọ wá àpótí mìíràn fún aṣọ ọmọ mi o. Èyí ò kúrò níhìn-ín." Ó ti tún ń wá ibi tó máa jókòó sí nílẹ̀. "Khàlíl! Wá fi nǹkan ti ọkọ̀ mi jáde nínú ihò."

Ọkọ̀ náà jáde, ó gbọ̀n, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Iná padà dé, tẹlifíṣọ̀n ń fọhùn, ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, kò sì sẹ́ni tó bojú wò ó. Àyìsátù ń nawọ́ han Sabina ibi tí èédú òun wà lára òkè. Àlàájì ń fẹnu fọn fèrè ní kọ́nà.

Tàwà jókòó lẹ́bàá ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká sábẹ́ rẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí tó fi di ohun tó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Màmá Àyìnkẹ́ na ọwọ́ láti orí àga, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Ọmọ yìí, ara ẹ gbóná. Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Màmá," ni Tàwà wí, kò sì mira. "Mò ń gan lọ́wọ́ ni."